Ẹ̀jẹ̀ Tí Leonard Fi Ń Tọrẹ

Ọkọ àbúrò mi kì í lè wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú wa. Bí a bá ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nígbà òtútù, Leonard Zajicek, géńdé ọkùnrin tó máa ń tú ẹ́ńjìnnì maṣíìnì ìkórè palẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ilé ẹran ló ń sá sí, á ní okùn lòun ń wá. A ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya gbogbo wa nígbà tí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sí gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì bá Leonard lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni mo máa ń bu omi ọsàn fún àwọn tó bá ti tọrẹ tán, tí mo sì ń fún wọn ní kolache, búrẹ́dì dídùn kékeré tí mo fi jáàmù sí láàárín. Leonard dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

Mo ní, "Ìwọ náà? Àbí wọ́n fi èpè lé ẹ wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n Rosalie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi. Ẹ má dá mi lóhùn."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í wá kó má sí níbẹ̀. Fada Kubat fi í ṣe ìwàásù. Ó ní ìfẹ́ ọmọnìkejì ti lé ìbẹ̀rù jáde lọ́kàn arákùnrin yìí. Orí mi wú. Èmi kì í gba ọkùnrin gbọ́ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gba èyí gbọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún tó ṣáájú, Leonard lọ wo àfihàn maṣíìnì oko ní ìlú ńlá Omaha. Ó mutí, ó sì jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àrùn éèdì ń pa àwọn ènìyàn, tí tẹlifíṣọ̀n kì í sọ ohun mìíràn. Ó wakọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan tó jìnnà, níbi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Zajicek. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí. Ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kò sí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti parí, sà. Ẹ máa lọ sinmi."

Kò sinmi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n lè ti yẹ̀ wò dípò ti òun. Bí ọ̀fun bá ń dùn ún, á ní ó ti dé nìyẹn. Ojú sì ń tì í láti padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, torí nọ́ọ̀sì yóò ti dá a mọ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Leonard ń bẹ̀rù méjèèjì. Ìgbà náà ló gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a bá fi tọrẹ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pé wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá rí àrùn náà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di olóore. Bí tẹlifóònù bá dún nílé, á fò sókè. Bí wọn kò bá pè é, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá wọ́n gbàgbé láti pe òun ni. Á wá máa retí kí wọ́n tún wá.

Kí wọ́n tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, wọ́n máa ń béèrè bóyá ó ti bá ẹni tí kò mọ̀ rí sùn, àti bóyá torí àyẹ̀wò éèdì ló ṣe wá. Gbogbo ìgbà ni Leonard ń dáhùn pé rárá.

Gbogbo èyí, a kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé Georgene, àbúrò mi, wá jókòó sí kíṣìnnì mi, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Leonard ti kó lọ sí yàrá Dean." Dean ni ọmọ wọn tó ti gbéyàwó. "Ó ní òun ń hanrun."

"Ṣé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hanrun ni?"

"Ó ti ya kọ́ọ̀bù tiẹ̀ sọ́tọ̀. Bí mo bá fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, á yíjú, á ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Kí ni mo ṣe fún un?"

"Obìnrin ni. Bá mi wá ibi tí obìnrin yẹn ń gbé, kí n lọ gún un lọ́bẹ."

Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde, Kelsey, ọmọ Dean, gé kolache tí Leonard ti bù jẹ. Leonard ti ìka bọ ọmọ náà lẹ́nu, ó yọ ọ́ jáde. Ọmọ figbe ta. Dean gbé ọmọ rẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, wọ́n lọ láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Mo pe Leonard ní ahun lójú gbogbo wa. Ó ń fi aṣọ nu ìka rẹ̀, orí rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ti ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Nígbà ìkórè, ìjọ ṣe àsè fún un: pẹ́pẹ́yẹ sísun, káábéèjì kíkan, bíà. Fada fi bájì wúrà kékeré kan há a láyà. Bí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni Janelle Sedlacek bọ́ síwájú, ó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́. Ibi tó ti ń bí ọmọ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ dà tán lára rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Zajicek, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibí ni wọ́n fà sí mi lára. Ó dá mi lójú pé tiyín wà níbẹ̀." Ó fẹnu ko Leonard lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì na ọmọ sí i. "Ẹ gbé e."

Leonard fẹ̀yìn rìn títí ó fi kọlu tábìlì, tí abọ́ já bọ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú ló ń tì í. Ojú ń tì í lóòótọ́. Ó sáré wọ kíṣìnnì wá bá èmi àti Georgene.

"Georgene, mo ti pa Janelle."

Ibẹ̀ ló ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n jáde. N kò jáde. Mo di abọ́ tí mo ń fọ̀ mú.

Mo rò pé Georgene máa fi ìkòkò fọ́ ọ lórí. Ọ̀rọ̀ ló bi í.

"Ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò sí."

"O gbà wọ́n gbọ́?"

"Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

Georgene nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "O ò jẹ́ kí n fẹnu kàn ẹ́, torí o rò pé ikú ń bẹ lára ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún náà lo wá ń gbé fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo lè búra pé kò wá sí Leonard lọ́kàn rí títí di ọjọ́ náà. Àyẹ̀wò nìkan ló ń rò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kò bá a débẹ̀.

"Mi ò rò ó," ló sọ.

"O ò rò ó."

Georgene fà á lápá lọ bá Connie, nọ́ọ̀sì tó máa ń gba ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹun nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n mú un lọ sí igun kan. Mo tẹ̀lé wọn. Connie gbọ́ ọ tán, ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò sí éèdì lára yín. Àyẹ̀wò tí ẹ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ti parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fún wa lẹ́jẹ̀ rárá. Ara Janelle le. Ṣùgbọ́n a ò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ́."

"Ṣebí kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. A bi yín léèrè ni, ẹ sì parọ́ fún wa. Bí àrùn yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn."

Kò pariwo. Ó dùn Leonard ju ariwo lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí iná jó ilé bàbá rẹ̀ kanlẹ̀, ojú rẹ̀ kò rí báyẹn. Ó tú bájì náà, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ Connie, ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wọn títí Georgene fi jáde.

Ọ̀rọ̀ Omaha gba Georgene ní gbogbo ìgbà òtútù, èmi náà sì ń fẹ́ iná sí i bí mo ti lè ṣe. Nígbà tó yá, Leonard padà sí yàrá wọn. Kọ́ọ̀bù kan ni wọ́n fi ń mu kọfí báyìí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tí kò fi wá tọrẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ ni?", á ní, "Wọ́n ní kí n má wá mọ́." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti gbà báyìí pé kò sí nǹkan kan lára òun. Ṣùgbọ́n Janelle àti ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí iwájú wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí Janelle bá wúkọ́, Leonard á dákẹ́ láàárín àdúrà, ọrùn rẹ̀ á pọ́n, kò sì ní bá wa gbàdúrà lọ títí Janelle yóò fi wúkọ́ tán.