Òbìrìkìtì Etí Yanrìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ eré ìdárayá ọmọ mi ya òbìrìkìtì àti ìlà tó dábùú ara wọn sójú pátákó, ni òórùn awọ bọ́ọ̀lù àti eruku Híndáwíyà, àdúgbò tí mo gbé ní kékeré, bá kún imú mi.

Ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Sáúdí, ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kóòṣì kó àwa ọmọ jọ sẹ́yìn ilé. Yorùbá bíi tiwa ni, àmọ́ ó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó nì ní Amẹ́ríkà kí orúnkún tó dá a dúró. Òun ló ń parí ìjà àdúgbò, òun ló ń gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù. Síbẹ̀, ìyá mi ò gbà á gbọ́. "Ẹni tó ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, kí ló ń wá lọ́dọ̀ àwa tí a ò níwèé?"

Ó fi igi ya àwọn òbìrìkìtì sínú yanrìn. Ó tọ́ka sí èyí tó wà létí, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kó tó lanu, ìyá mi ti já dé.

"Ilé wa lẹ ń yà fún ọlọ́pàá! Èyí tó wà létí yìí, tiwa kọ́?"

"Àlàájà, ẹ fara balẹ̀, eré ni."

"Ẹ má tàn mí jẹ!"

Mo tún un wò. Lóòótọ́, igun àdúgbò ni ilé wa wà. Ìyá mi fẹsẹ̀ pa òbìrìkìtì náà rẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú, a ti wà lọ́nà Mẹ́kà, à ń lọ sí yàrá àbúrò rẹ̀ ní àdúgbò Járúwálì níbẹ̀, mo sì ń wẹ̀yìn bóyá Kóòṣì ń tẹ̀ lé wa.

Ojú pátákó yẹn ni mo ti wá mọ̀ pé òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan, agbábọ́ọ̀lù kan ni; èyí tí ìyá mi pa rẹ́, èmi ni.