Ìkọ́ Irin Tí Màmá Wa Fọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi ò tíì tó bọ́tìnnì lífìtì ilé wa ní Settimo nílẹ̀ Ítálì, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Jámánì ń gbé lókè wa. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, torí inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó. Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ò dùn o.

Ìmọ̀ irin ni wọ́n kọ́ ní Jámánì, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì ní Padova, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì síbí. Gbogbo ayé wọn, irin tó kán ni wọ́n ń wò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin afárá, kí wọ́n lè sọ ohun tó kán an. Professoressa là ń pè wọ́n, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á rò pé nǹkan mi ló jábọ́, wọ́n á máa bá mi wá a.

Ìgbà yẹn ni ìkọ́ kirénì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè kán níbi iṣẹ́ bàbá wa, tí ẹrù já lé wọn lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ká tó sin wọ́n tán, ọ̀gá wọn ti ń sọ kiri pé bàbá wa ló kó ẹrù tó pọ̀ jù sórí ìkọ́. Màmá ò jẹun mọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ní rántí bàbá yín, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ nípa wọn nìyẹn.

Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣa ààbọ̀ ìkọ́ náà nílẹ̀, ó gbé e wá fún wa. Màmá ní ká gbé e lọ fún Professoressa. Àmọ́ ó ti dógùn-ún, àgbàlagbà la sì fẹ́ gbé e fún, ni màmá bá fi ọṣẹ àti kànrìnkàn irin fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, wọ́n wá fi aṣọ funfun wé e.

Professoressa tú aṣọ, wọ́n gbé díńgí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú. Wọ́n wá bi mí pé ta ló fọ̀ ọ́. Mo túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún màmá.

"Èmi ni, mà," ni màmá wí. "A ò lè gbé ìdọ̀tí wá fún yín."

Wọ́n ṣàlàyé pé irin lè ti máa sán díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ á dúdú, ibi tó kán lọ́jọ́ náà á máa dán. Dúdú yẹn gan-an ni ẹ̀rí, òun sì ni màmá ti bó dànù. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn.

"Ààbọ̀ kejì ńkọ́?" ni Professoressa bi mí.

Mo ní ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

"Ìyẹn dáa. Àwọn yẹn kì í fọ nǹkan."

Mímí ti ń ni Professoressa lára nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ bá adájọ́. Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá gbé ààbọ̀ kejì wá, ojú ibi tó ti kán sì dúdú ju ìdajì lọ. Professoressa ní ìkọ́ yìí ti ń kú lọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Adájọ́ ní bàbá wa ò jẹ̀bi. Kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, Professoressa náà ti kú. Èmi ni wọ́n fi díńgí wọn sílẹ̀ fún.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń fi Italian dá màmá lóhùn, ẹlòmíì ló sì ń gbé òkè wa báyìí, a ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn. Àwọn ibi iṣẹ́ bíi ti bàbá wa náà ti yí díẹ̀. Wọ́n ń gba ẹni tí á máa yẹ ìkọ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó dúró sábẹ́ ẹ̀, èmi sì ni wọ́n gbà ní Alessandria, èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì nìkan! Òní ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo wọlé, ìkọ́ tí mo yẹ̀ wò ti sọ ọwọ́ mi di dúdú, mo ń lọ síbi omi. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, wọ́n wò ó pẹ́.

"Má tíì fọ̀ ọ́," ni wọ́n wí.