Omi Tí A Ń Dúpẹ́ Rẹ̀, Tí A Kò Rí Mu

Òórùn ẹrẹ̀ àti irin ni omi tí à ń pọn ní àdúgbò wa, Angwan Rukuba, máa ń rùn nígbà náà, omi inú kòtò ńlá tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Bí o tilẹ̀ fi álọ́ọ̀mù sí i, tí o fi aṣọ sẹ́ ẹ, òórùn yẹn kò ní lọ. Oyún àkọ́bí mi ti wọ oṣù kẹjọ, ikùn ńlá yẹn ni mo sì fi ń gun òkè bọ̀ láti ibi kòtò, garawa lórí. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ọ̀nà wa o! Ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣe é, wọ́n pariwo, wọ́n ya fọ́tò, omi yọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Láti ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó tún rí ẹ̀kán kan.

Àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò ti lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó omi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ léraléra. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n máa ń bọ̀, omi kò sì yọ. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ lọ, mo ní ẹsẹ̀ mi ẹsẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Olórí wa, bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò lè wọlé tọ èèyàn lọ kó má kọ́kọ́ dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá. Ó ṣí fìlà, ó ní, “Ranka ya daɗe,” pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, ó wá fi Hausa dúpẹ́ ẹ̀rọ omi, ó dúpẹ́ ọ̀nà, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ ọ̀gá. Kó tó kan ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá, ọ̀gá ti dìde, ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́: “Madalla, madalla! Na gode.” Ó ní ó dára, òun dúpẹ́, ó sì ti ń sìn wá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn bàbá wa náà sì ń dìde! Wọ́n ní kò bójú mu kéèyàn tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lẹ́yìn tó ti dúpẹ́.

Inú bí mi, mo jókòó tẹ̀ mọ́ àga. “Babu ruwa!” kò sómi, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò kí i. “A ò rí omi láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí i. Inú kòtò ni mo ti ń pọn omi, tòun ti oyún yìí!”

“Ìyàwó, ó tó,” ni olórí wa wí. Ojú ń tì í.

Ọ̀gá wo ikùn mi, ó wo àwọn bàbá. “Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí,” ló ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ kan fi sípánà yí ohun kan nínú ihò létí títì, omi sì tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wa. Wọ́n ti ti páìpù pa lẹ́yìn ayẹyẹ, wọn kò sì rántí ṣí i mọ́. Àṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Mo gbé garawa mi sábẹ́ omi yẹn.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi bínú sí àwọn bàbá wa. Ọmọ yẹn ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé mo ṣi ìbínú lò. Ìwà tí wọ́n kọ́ wọn nílé ni wọ́n hù. Ẹni tó yẹ kí n bá bínú ni ọkùnrin tó ń gba owó oṣù nítorí omi, tí kò rin ìrìn díẹ̀ wá wò ó bóyá ó ń yọ, tó jẹ́ ìyìn nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba nítorí omi, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í: omi bàbá ta ni, ṣebí owó ìlú ni?