Ewéko Àpáta Nínú Agolo Mílíìkì

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí rí tó bó ṣe bà mí nítorí ewéko tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ.

Orí àpáta kan lọ́nà Olúpọ̀nnà ni mo ti rí i. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí n'Ìwó, mo ti gun àpáta kiri, mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Yanrìn díẹ̀ tó kó sójú kòtò pẹlẹbẹ ló ń hù sí, nínú oòrùn gangan. Ewé rẹ̀ ki, omi kún inú rẹ̀ bíi ti ọ̀dúndún, ṣùgbọ́n kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Mo hú ẹyọ kan, mo gbìn ín sínú agolo mílíìkì.

Nígbà tí mo padà lọ lóṣù kejì, katapílà ti débẹ̀, wọ́n ti fọ́ ibẹ̀ di òkúta ìkọ́lé. Mo wá a títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mi ò rí ìkankan. Tinú agolo mi nìkan ló kù tí mo mọ̀.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé koríko ò jẹ́ kí n sùn? Mo kàn bẹ ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, pé kí wọ́n bá mi ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi ń rọ̀. Omi àpọ́jù ló ń fa irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kì í bu ju ṣíbí kan lọ lọ́sẹ̀. Mo jágbe mọ́ àwọn ọmọ lásán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá Àlàásárì tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n da omi tó ṣẹ́ kù nínú búútà wọn sínú agolo mi, wọ́n ń ṣàdúrà sí i.

"Mo rí i pé ọkàn rẹ wà lára rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mo ń fún un lómi."

Inú bí mi gan-an. Mo wo ojú wọn, mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màámi."

Bí mo ṣe fọwọ́ kan ewéko náà ló wó. Ewé kan ṣoṣo ló ṣì le.

"Má banú jẹ́. Ṣebí ó kún orí àpáta? Lọ hú òmíràn wá."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Ewé àbámodá máa ń ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ewé tó ṣẹ́ kù yìí náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti já a, ó wà lórí yanrìn gbígbẹ lójú fèrèsé yàrá mi. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa kí ìyá mi má bàa dé ibẹ̀.