Okùn Tó Wà Lókè Ààrò

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Box Bar tí mo fi oṣù mẹ́jọ wá ìtìjú rẹ̀. Mo sì rí i. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dá mi láre.

Káfíńtà ni mí ní wáàfù Banjul, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Bathurst. Iṣẹ́ mi ni láti tún àwọn àpótí tó bá fọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kàn. Bíà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fọ́. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá ti mì, wọn kì í gbà á sílé ìkẹ́rù, àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ la ń mu ún. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ ìwé kà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò wọ̀nyẹn ni mo sì fi ń dánra wò. Mo mọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó dúdú, tó korò bí omi ewúro. Mo mọ ti àwọn Jámánì, tó mọ́ gaara, tí kì í pẹ́ lẹ́nu. Mo mọ èyí tó ń ti Dakar wá, tó fúyẹ́, àti ti ilé wa ní Nàìjíríà, tó máa ń dùn díẹ̀ nígbà téèyàn bá ti gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwa ọkùnrin mẹ́ta máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé kan ní Soldier Town. Aku ni onílé, ìran àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì. Pa ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹnì kejì jẹ́ télọ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Pa á fi aṣọ bo ìgò mẹ́rin, á bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife, a ó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá àti èyí tó dára jù. Télọ̀ á sọ̀rọ̀ púpọ̀, á sì ṣì í. Èmi á sọ ọ̀rọ̀ kan. N kì í sábà ṣì í.

"Káfíńtà, tó o bá máa kú, fi ahọ́n rẹ yìí sílẹ̀ fún ìjọba," Pa a máa wí.

"Kí wọ́n lè gba owó orí lórí ẹ̀?" ni télọ̀ á dáhùn.

Ṣùgbọ́n bíà inú ìgò kọ́ ló kọ́ mi ní ìtọ́wò. Ọtí ìyàwó mi ni.

Àdúgbò Half Die là ń gbé. Ìyàwó mi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà. Á rẹ àgbàdo, á tẹ́ ẹ sórí ẹní títí á fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é, á sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò bu gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìkòkò tó ṣáájú sí i, kó lè hó. Ìyá ọtí ló ń pe gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí láàárín wa kì í tà á. Wọ́n ń tọrọ rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó bá tọrọ rẹ̀, akèrègbè àkọ́kọ́ tó bá pọn, ilé ẹni tó fún un ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ, lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo àdúgbò rí i. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọtí kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀. Bákan náà, níbi àsè, ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ mu lójú gbogbo ènìyàn.

Ohun kan wà tí òun àti èmi nìkan mọ̀. Nígbà òjò, omi máa ń wọ Half Die dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo nǹkan á máa bu. Ìyá ọtí tó bá wà nínú ìkòkò lásìkò yẹn á kú, á di kíkan. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi á fi èèpo igi osè lọ́ okùn kan, á rì í sínú ọtí tó ń hó, á sá a gbẹ, á sì so ó mọ́ igi àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín ti ń kan án. Tí òjò bá dá, á gé ìdajì okùn náà sínú ìkòkò tuntun. Ìdajì yòókù á wà lókè.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni ikọ́ dá a dùbúlẹ̀. Obìnrin Box Bar yìí máa ń wá se ògì fún un. Òun náà ń pọn ọtí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í tà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ fún mi nínú ìyá ọtí yín. Màá máa bá yín tọ́jú ẹ̀."

Ìyàwó mi fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọtí obìnrin náà fi gba Box Bar kan. A retí akèrègbè wa, a kò rí i. Ohun tí a rí ni pé àwọn oníbàárà wa ń yí ẹsẹ̀ padà. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́ ohun tó ń sọ: "Ẹ má mu tibẹ̀ mọ́ o. Inú ìkòkò ló ń wúkọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyàwó mi lórí ẹní. Ó ní kí n bu ọtí inú ìkòkò wá.

"Ẹ tọ́ ọ wò. Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Ó dára."

"Ọkọ mi ni yín. Kí lẹ tún fẹ́ sọ?"

Mo tún tọ́ ọ wò níwájú rẹ̀. Ó dára bó ti máa ń dára. Ṣùgbọ́n ó yí ojú sí ògiri. Kó tó di pé ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti kú, ó sì kú pẹ̀lú èrò pé ọtí òun ti bàjẹ́. Ohun tí mo ní sí obìnrin náà nìyẹn. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn pé ọtí ìyàwó mi ni òun ń tà. Kó tó sọ ọ́, mo fẹ́ kó jìyà.

Lẹ́yìn Àjíǹde, télọ̀ gbé akèrègbè kan wá sí ilé Pa. Wọ́n bù ú sínú ife kan láàárín ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì àti ti Dakar. Bí mo ṣe gbé e kan ètè, mo mọ̀ ọ́n. Ó kan díẹ̀ níwájú, òórùn àgbàdo yíyan tẹ̀ lé e, ó sì fi nǹkan bí oyin sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbé ife náà lé ilẹ̀.

Tí mo bá ní kò dára, ọtí ìyàwó mi ni mo bú. Tí mo bá sì ní ó dára, olè ni mo yìn. Nígbà náà ni mo rántí òjò, àti pé kò mọ̀ nípa okùn.

"Òun ló ṣáájú," mo wí.

"Ó ju ti Jámánì lọ?" télọ̀ pariwo. "Ọtí obìnrin Box Bar?"

"Ó ju gbogbo wọn lọ. Ẹ jẹ́ kó pọn ti àsè ẹgbẹ́ wa."

Àsè ẹgbẹ́ àwa Yorùbá inú ìjọ máa ń bọ́ sí àárín òjò. Ìkòkò mẹ́wàá ni wọ́n ní kó pọn. Obìnrin náà gbọ́ pé èmi ni mo yìn ín, ó sì wá kí mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo ń ka oṣù.

Òjò dé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe àsè, ó wá bá mi nínú ilé ìdáná mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Bọ̀dá, ọtí mi ń kan. Mo ti dà á nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n máa ń ṣe nǹkan kan lásìkò òjò. Kí ni?"

Ìsàlẹ̀ okùn náà gan-an ló jókòó sí. Ká ní ó gbójú sókè, ì bá rí i.

"Ta ló ni ìyá ọtí tó o fi ń pọn ọn?" mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni mo ni ín."

"Ìwọ tó o ni ín ni kó o wá ọgbọ́n rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi gun òkè, Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ jù mí sílẹ̀?"

N kò dá a lóhùn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ àsè, wọ́n to ìkòkò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn. Wọ́n bu ti àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Kò sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ó mu ún, ó kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Má wúkọ́ sínú ìkòkò o!" télọ̀ wí. Ilé dàrú fún ẹ̀rín.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Obìnrin náà wò mí, ó wá yé e. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ìyá ọtí yìí kì í ṣe tèmi," ó wí sókè. "Ìyàwó Káfíńtà ló fún mi. Mo ti sọ fún yín láti ọjọ́ yìí pé àìsàn ti wọ ọtí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti tọ́ ọ wò báyìí."

Ẹ̀rín dákẹ́. Àwọn àgbà obìnrin mi orí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan wí pé, "Òótọ́ ló ń sọ nígbà náà." Ọ̀rọ̀ tí mo fi oṣù mẹ́jọ dúró dè ti jáde, ìyàwó mi ló sì bà. Àfi bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi to ìkòkò mẹ́wàá náà síbẹ̀ fún un.

Mo délé, mo gun àga, mo tú okùn náà.

N kò pọn ọtí rí. Mo rẹ àgbàdo, mo sá a lókè iná nítorí òjò, mo sè é jóná lẹ́ẹ̀kan, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ju gbogbo okùn tó kù sínú ìkòkò, kò sí nǹkan kan fún ọjọ́ kan àtààbọ̀. Mo ń jókòó tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Mo ní kí Pa pe àwọn àgbà obìnrin ẹgbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mu, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Pa tọ́ ọ wò, ó sì ṣí fìlà.

"Kushe, Ìyàwó," ó kí i ní èdè Aku, bí ẹni pé ìyàwó mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ìyá ẹgbẹ́ mu tirẹ̀ tán. "Ọtí rẹ̀ nìyí. Kò yí padà rárá."

Mo yọ okùn náà nínú ìkòkò, mo gbé e lé àárín tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ló gùn jù nínú èyí tí mo tíì sọ láàárín wọn. "Inú okùn yìí ni ìyá ọtí rẹ̀ wà láti ọdún tó kọjá. Kò sí àìsàn nínú rẹ̀. Ẹni tó gbà nínú ìyá ọtí náà kò bèèrè bó ṣe máa ń sinmi nígbà òjò, kò sì gbé akèrègbè wá."

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin Box Bar dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nínú omi, ó gbé ìkòkò kékeré kan tó ṣófo dání. Àwọn aládùúgbò ń wò.

"Ẹ fún mi, Bọ̀dá. Màá gbé akèrègbè wá lọ́sàn-án. Màá sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ti Ẹ̀gbọ́n ni."

Ó ń sunkún. Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Mo wọlé, mo gbé ìkòkò mi jáde, tòun ti okùn tí mo ti dá padà sínú rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú omi níwájú rẹ̀. Ó hó funfun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, omi sì ń wọ́ ọ lọ síhà odò. Ó lóṣòó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bù ú. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ti di ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Wọ́n ti ń ṣe bíà nílẹ̀ yìí gan-an. Télọ̀ ní ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo da ọtí náà sínú omi, Pa bi mí bóyá ó ku díẹ̀ nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yẹn.

"Ó tán," mo wí.

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ bo ìgò mẹ́rin, ó sì bu ti àkọ́kọ́ fún mi. Mo tọ́ ọ wò. Dakar ni.