Ibi Tí Bàbá Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Rẹ́

Òórùn ẹlẹ́bọ́tọ ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé. Ìyá mi á ti bu ìgbẹ́ màálù tútù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, wọ́n á fi omi àti èédú lílọ̀ pò ó nínú ìkòkò fífọ́, wọ́n á gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Iṣẹ́ tèmi ló kù. Màá kúnlẹ̀, màá máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa dán. Òórùn rẹ̀ kò burú tó bí ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè rò. Ó dà bí òórùn koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ilé wa ló ti ní sìmẹ́ńtì nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pe bíríkìlà wá. Ibi kan ṣoṣo tí bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá wọn, ibi tó gùn bí ẹní. Wọ́n ní, "Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni màá tẹ́ ẹní mi sí." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí bẹ́ẹ̀dì onírin ni wọ́n ń sùn. N kò rí wọn kí wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, mọlémọlé ni wọ́n sì ń ṣe. Ògiri ilé kan ní Ọjà'ba ni wọ́n wá mọ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, tí wọn kò sì padà mọ́. Ilẹ̀ tí Baálé Beyerunka fún wọn wà lẹ́yìn òkè Màpó, lọ́nà Pópó Yemọja. Òkúta àti kòtò àgbàrá ni gbogbo rẹ̀, ààtàn ni àwọn ará àdúgbò fi ṣe. Baálé ní, "Bí o bá lè bá òkúta jà, gbà á." Bàbá mi á dáná sórí òkúta títí yóò fi gbóná, wọ́n á da omi tútù lé e, òkúta á sì là. Wọ́n á fi òkúta yẹn ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n á sì mọ amọ̀ lé e lórí. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà" ni wọ́n máa ń sọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, ilé ti kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Àwọn ará Ìsẹ́yìn, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ọ̀fà ló tẹ̀lé bàbá mi wá síbẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, bàbá mi á gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún Baálé. Èmi ni mo máa ń ru iṣu, bàbá mi á di obì àti orógbó mọ́wọ́. A ò tíì ní jókòó tí Baálé á ti bẹ̀rẹ̀.

"Àlejò wa! O ò tíì lọ?"

Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀. "Ó kù díẹ̀, Bàbá. Mò ń di ẹrù."

"Ẹrù yìí mà pọ̀ o! Ṣé òkúta lò ń dì ni?"

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Nídìí ẹ̀rọ omi, ohun tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi máa ń sọ kò yàtọ̀ sí i: "Ọmọ Ìsẹ́yìn, rọra pọn ọ́n o! Omi Ìbàdàn ni!" Mo rò pé lóòótọ́ ni a ń di ẹrù, àti pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ká máa lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá mi. Nígbà tí ó le, ìyá mi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, wá tọ́jú wọn títí di òwúrọ̀ tí wọ́n dákẹ́. Kí oòrùn tó mú, Bàbá Àgbà ti háyà ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ náà sì ń dúró ní Bẹẹrẹ, nítorí ọ̀nà tiwa kò gba ọkọ̀.

Bàbá Àgbà sọ fún ìyá mi pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àbúrò mi ti ṣe tó. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé."

Ìyàwó kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ìyá mi ṣe di òpó ìlẹ̀kùn mú. Gbogbo wa ló mọ ohun tí gbígbé bàbá mi lọ túmọ̀ sí. Ilé tí kò bá ní sàréè baba nínú, ilé àlejò ni wọ́n máa ń pè é.

Nígbà náà ni Baálé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òkè burúkú! Èmi tí mo fi í tọrẹ, ó fẹ́ pa mí." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Baálé jókòó, wọ́n wo bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò rẹ́ ibí yìí? Ṣé sìmẹ́ńtì tán ni?"

Èmi ni mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá ni kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ, sà. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn máa tẹ́ ẹní àwọn sí."

"Ta ló wá ń pa á dán báyìí?"

"Èmi ni, sà. Ní Sátidé."

Baálé fi orí ọ̀pá kan ilẹ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Ẹ wo àlejò tí mò ń bi léèrè lọ́dọọdún! Ó ní òun ń di ẹrù. Ẹrù wo? Ó ti tẹ́ní sílẹ̀ tipẹ́!" Wọ́n yíjú sí Bàbá Àgbà. "Òótọ́ lẹ sọ, onílé kì í ṣàì relé. Ṣùgbọ́n onílé yìí ti dé ilé kí ẹ tó dé."

Wọ́n ní kí a mú ọkọ́ wá. Ẹnìkan kùn pé àgbà kì í gbẹ́lẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. "Mo mọ̀," ni Baálé wí. "Èmi ni mo ni ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á fún un." Ibi tí ọwọ́ mi ti pa dán ni wọ́n ṣá lọ́kọ́.

Bàbá Àgbà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. "Ó dáa. Ẹ bá mi gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Ìyá wa ṣì wà láyé. N kò lè padà dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfo." Aṣọ funfun kékeré kan ni wọ́n fi dì í. Ìyẹn ni ohun tí wọ́n sin sí Ìsẹ́yìn. Mo tẹ̀lé Bàbá Àgbà sọ̀kalẹ̀ títí dé Bẹẹrẹ. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ọkọ̀ ńlá náà sì gbé wọn nìkan lọ.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Baálé mú obì kan, wọ́n ní kí n ru ìyókù padà sílé. Àwọn ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ kò yéé pè mí ní ọmọ Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n bá pè mí, mò ń jẹ́.

Mo ti tó ọjọ́ orí tí bàbá mi fi kú báyìí. Inú ilé yẹn ni mo padà sí lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Sìmẹ́ńtì ló wà lórí sàréè bàbá mi, ìgbálẹ̀ àti omi nìkan ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ń bínú pé ibi kan ṣoṣo tí kò ní sìmẹ́ńtì nínú ilé ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ òun. Kò mọ̀ pé ibùsùn bàbá òun ni òun ń tẹ́. Ọmọ mi obìnrin kọ́lé sí Àkóbọ̀, ó sì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún mi níbẹ̀. Bó bá gun òkè yìí wá, tó sì ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Màámi, ìgbà wo lẹ máa kúrò níbí?"

"Ó kù díẹ̀," ni mo máa ń wí. "Mò ń di ẹrù."

Á wá wo yàrá yí ká. Kì í rí àpótí kankan tí mo ṣí.