Ẹ̀ẹ̀kan Ni Òyìnbó Ń Bini

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí bàbá mi gbé àpótí mi sórí, tí wọ́n ṣíwájú mi lọ sí ẹ̀bá títì ní Fìdítì. Ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti di gààrí àti ẹ̀pà sínú àpò kan bí ẹni pé ìyàn mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òwò, wọ́n sì ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì wo bí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ń ṣòwò lókè òkun.

"Fọlákẹ́," bàbá mi wí bí a ti ń dúró de mọ́tò, "bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, má ṣe bí ọmọ tí kò rí jẹ nílé. Sọ pé ó tó. Bí ó bá ti ọkàn wọn wá, wọ́n á tún bi ọ́."

"Mo gbọ́, sà."

Ta ni kò mọ ìyẹn nílé wa? Bí o bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, tí ó ní kí o wá jẹun, o ó ní á gba ibi ire. Ìgbà tí ó bá tún pè ọ́, tí ó ti ń fa àpótí ìjókòó fún ọ, lo tó lè ronú àtifọwọ́.

Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìbàdàn. Nígbà tí dírẹ́bà gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó yíjú sẹ́yìn pátápátá.

"Ìlú òyìnbó? Àǹtí, ẹ bá mi wò ó bóyá àwọn obìnrin wọn ń pọnmi!"

"Ẹ wo iwájú ná, dírẹ́bà!" ni mo dá a lóhùn.

Òtútù Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa la ètè. Tibẹ̀ yẹn inú eegun ló ń wọ̀. Wọ́n fi èmi àti Ràṣídì, ọmọ Ìlọrà tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn sílé ìyá arúgbó kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ìyá onílé fún wa ní búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí iná àti ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ẹyin ṣì wà nínú páànù. Wọ́n bi mí pé ṣé kí àwọn fi kún un.

"Ó tó, ma. Ẹ ṣé."

Wọ́n gbé páànù lọ. Mo ń wò ó bí ó ṣe ń lọ! Mo retí kí wọ́n tún bi mí. Àwo ni wọ́n ń fọ̀. Ràṣídì náà ti ní ó tó. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó wá bá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Fọlákẹ́, gààrí màmá yín dà?"

A rẹ ẹ́ mu láì ní ṣúgà, à ń fi ara wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan ṣoṣo lórí àtẹ, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn kan. Odidi apẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ń tà lẹ́bàá títì wa, wọn kì í sì rí iye yẹn gbà lórí rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè ra nǹkan kan mọ́ níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí a lọ kẹ́yìn ló gba ọkàn mi. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ṣírò. Ó tóbi tó yàrá kan, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i tọ̀sán-tòru bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin bíi tèmi ló jókòó tì í! Mo béèrè ọ̀rọ̀ títí ojú fi ń ti tíṣà tó kó wa lọ.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, ọ̀gá ibẹ̀ sọ pé àwọn yóò gba ẹnì kan nínú wa padà, kí ó wá fi ọdún kan kọ́ṣẹ́. Àwọn ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó ilé. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé ìwọ á fẹ́ ẹ?"

Èsì ti wà létè mi: ẹ ṣé, sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn òbí mi. Ìgbà náà ni mo rántí páànù ẹyin. Bí mo bá fi lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bi.

"Mo fẹ́ ẹ, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ nínú rélùwéè ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ọmọbìnrin wo ní Fìdítì ló ń gba ìrìn ọdún kan láì bi bàbá rẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ, ó tán.

Mọ́tò kan náà ló gbé èmi àti Ràṣídì bọ̀ láti Ìbàdàn. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí òun ń bá tirẹ̀ lọ sí Ìlọrà, ó ní, "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Sọ ọ́ fún wọn kíákíá."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

"O ti gbà?" bàbá mi bi mí.

"Mo ti gbà, sà."

"Láì bi wá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bini níbẹ̀, Bàbá." Mo wá ròyìn ẹyin fún wọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ tú nídìí wọn. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Iyán dé. Bàbá mi mú ẹran láti inú àwo tiwọn, wọ́n nà án sí mi.

"Ó tó, sà."

"Mo ní kí o gbà á."

Mo gbà á. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n wò mí.

"Fọlákẹ́, ṣé o fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ, sà."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo tún ń bi ọ́. Ṣé o fẹ́ lọ?"

Omi ti lé sí mi lójú. "Mo fẹ́ lọ, Bàbá."

"Ó dáa. Òyìnbó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwa ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wàá lọ."

Ìyá mi dìde, wọ́n lọ wo iye gààrí tó kù nínú àpò.